Ṣé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, àbí nǹkan ò wù ú ṣe mọ́? Bí a ṣe lè mọ̀ ọ́n, àti bí a ṣe lè tọ́jú rẹ̀ nílé

Ọ̀pọ̀ ìdílé tó ń tọ́jú ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù, ẹni tó ní àrùn Parkinson (èyí tó ń mú kí ara gbọ̀n kí ìrìn sì falẹ̀), tàbí àgbàlagbà tí àrùn ìgbàgbé ń bá jà, ló máa ń bá ìṣòro kan pàdé tí ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ rẹ̀ fún wọn ní ọsibítù. Ọwọ́ aláìsàn ti ń gbé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń já gaara, ẹ̀jẹ̀ ríru ti wálẹ̀. Síbẹ̀, ibi tí wọ́n bá gbé e jókòó sí láàárọ̀ ni wọ́n máa bá a nírọ̀lẹ́. Kò béèrè oúnjẹ, kò béèrè ọmọ. Bí tẹlifíṣọ̀n bá kú, kò ní ní kí wọ́n tàn án. Àwọn kan nínú ilé á ní ọ̀lẹ ni, pé ó ti mọ̀ pé wọ́n á gbé e wá bá òun. Àwọn mìíràn á ní ayé ló ń ṣe é. Dókítà tí èrò pọ̀ níwájú rẹ̀ náà lè kọ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kó sì pe ẹni tó kàn.

Nǹkan méjì ló sábà máa ń fà á, wọ́n sì jọra lójú ẹni tó ń wò láti òkèèrè. Ọ̀kan ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tí a tún ń pè ní ìsoríkọ́: inú ẹni náà bàjẹ́, ó ti ro ara rẹ̀ pin. Èkejì ni ohun tí àwọn dókítà ń pè ní apathy: inú rẹ̀ ò bàjẹ́, kò sì dùn, agbára tó máa ń ti ènìyàn dìde láti bẹ̀rẹ̀ nǹkan ló ti rọ. Àwọn méjèèjì lè wà lára ẹnì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ìtọ́jú wọn ò rí bákan náà. Ẹ mọ èyí tí ẹ ń bá jà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ

Iwájú ọpọlọ àti àwọn apá kan tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Àwọn ló ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nǹkan tó láti ṣe, àwọn náà ló ń sún ara láti bẹ̀rẹ̀, èròjà kan tó ń jẹ́ dopamine ló sì ń gbé iṣẹ́ náà ró. Rọpárọsẹ̀ lè gé ọ̀nà yìí. Àrùn Parkinson ń mú kí dopamine gbẹ. Àrùn ìgbàgbé Alzheimer ń jẹ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí dà bíi mọ́tò tí epo wà nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí sítátà rẹ̀ ti bàjẹ́: bí a bá tì í, á lọ, bí a bá ń bá a jà, kò ní mira.

Kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n rárá. Bí ẹni mẹ́ta bá ní rọpárọsẹ̀, apathy máa ń mú tó ẹnì kan nínú wọn. Láàárín àwọn tó ní Alzheimer, ó máa ń tó ìdajì. Nínú gbogbo ìyípadà ìwà tí àrùn náà ń fà, òun ló wọ́pọ̀ jù.

Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn nǹkan mìíràn

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lánàá bá ṣàdédé dákẹ́ lónìí, tó ń sùn lọ tí oorun ò sì tíì tó, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò bára mu, kì í ṣe apathy, kì í ṣe ìrẹ̀wẹ̀sì. Ó lè jẹ́ ibà, àrùn inú ìtọ̀, ṣúgà tó wálẹ̀ jù, tàbí rọpárọsẹ̀ tuntun. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Bákan náà ni bó bá ṣubú ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn tó fi orí gbá ilẹ̀, kódà bí kò bá ṣẹ̀jẹ̀: nínú orí àgbàlagbà, ẹ̀jẹ̀ lè máa sun díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó fara hàn.

Bó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò: PCV (bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó), ṣúgà, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ thyroid tó wà ní ọrùn, vitamin B12, àti HIV. Ẹ yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò pẹ̀lú. Ẹni tí kò gbọ́ ohun tí ẹ sọ ò lè dá yín lóhùn, epo etí tó dí sì ti sọ ọ̀pọ̀ àgbà di ẹni tí wọ́n ń pè ní aláìbìkítà.

Lẹ́yìn náà, ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò sínú ọ̀rá kan, àgbo náà kò gbẹ́yìn, kí ẹ sì gbé e lọ bá dókítà. Oògùn bíi haloperidol, tí wọ́n ń fún aláìsàn ọpọlọ, lè sọ ènìyàn di gẹdú igi. Diazepam tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì nítorí oorun lè mú kó máa rẹ ènìyàn tọ̀sán-tòru. Metoclopramide tí wọ́n ń lò fún èébì ń dí ọ̀nà dopamine, kò sì yẹ ẹni tó ní Parkinson rárá.

Bí ẹ ṣe máa yà wọ́n sọ́tọ̀

Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì wò ó, kí ẹ máa kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé kékeré kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ni dókítà máa ń lò láti pe nǹkan ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Kí wọ́n tó pè é ní apathy, wọ́n fẹ́ kó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ẹ bá a sọ̀rọ̀ ní ẹ̀yin méjì péré, níbi tí aya, ọkọ tàbí àwọn ọmọ kò ní máa dáhùn fún un. Ẹ bi í pé: "Bàbá, kí ló ń dùn yín lọ́kàn? Bí ẹ bá ń ro ọ̀la, kí lẹ̀ ń rí? Ṣé ẹ máa ń rò pé ẹ ti di ẹrù sí wa lọ́rùn?" Ẹni tó rẹ̀wẹ̀sì á rí nǹkan sọ, omi lè bọ́ lójú rẹ̀, á ní òun ti já gbogbo ènìyàn kulẹ̀. Ẹni tó ní apathy á sọ pé, "Kò sí nǹkan tó ṣe mí," òótọ́ tó mọ̀ ló sì ń sọ. Ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣàròyé. Òun ò ṣàròyé.

Àmì kejì ni bó ṣe ń ṣe bí ayọ̀ bá wá bá a nílé. Bí ọmọ-ọmọ bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń ṣeré, tàbí tí wọ́n bá gbé ayò síwájú rẹ̀, ẹni tó ní apathy lè rẹ́rìn-ín, kó ta ayò náà dáadáa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé e lọ, kò ní wá a. Ẹni tó rẹ̀wẹ̀sì á ní kí wọ́n gbé e kúrò, pé òun ò yẹ fún ìyẹn mọ́. Bí ìròyìn búburú bá dé, ó máa dun ẹni tó rẹ̀wẹ̀sì jù bó ṣe yẹ. Ẹni tó ní apathy á gbà á bí ẹni gbọ́ pé òjò rọ̀.

Oorun àti oúnjẹ náà ń sọ̀rọ̀. Ìrẹ̀wẹ̀sì sábà máa ń jí ènìyàn ní aago mẹ́ta òru, kí oorun má sì padà. Oúnjẹ á korò lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó ní apathy á jẹ ẹ́ tán bí ẹ bá gbé e síwájú rẹ̀. Bí ẹ kò bá gbé e wá, kò ní béèrè.

Àwa Yorùbá tún máa ń fi ara sọ ìbànújẹ́. "Orí mi ń gbóná." "Nǹkan ń rìn káàkiri ara mi." "Àyà mi ń já." Bí wọ́n bá ti yẹ gbogbo ara wò tí wọn ò rí nǹkan, tí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sì ń tún wáyé, ẹ béèrè nípa ọkàn rẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, PHQ-9, ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ń wọn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ni wọ́n máa ń lò. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba òdo sí 3, àpapọ̀ 27. Bó bá ti tó 10, wọ́n á fẹ́ wádìí sí i. Ẹ ṣọ́ra níbí. Ìbéèrè kìíní dá lórí kí nǹkan má wuni ṣe, ìkẹrin lórí kó máa rẹni, ìkeje lórí àìlè fọkàn sí nǹkan, ìkẹjọ lórí kí ìrìn àti ọ̀rọ̀ falẹ̀. Apathy nìkan lè fún ẹnì kan ní 12 níbẹ̀ láìsí ìbànújẹ́ kankan. Nítorí náà, ẹ wo ìbéèrè kejì, ìkẹfà àti ìkẹsàn-án dáadáa: ìbànújẹ́, dídá ara ẹni lẹ́bi, àti èrò ikú. Bí àwọn mẹ́ta wọ̀nyí bá jẹ́ òdo, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kó tó mú bíró rẹ̀. Ìdánwò tó jẹ́ ti apathy gan-an wà. Èyí tí dókítà ọpọlọ Robert Marin ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ní ìbéèrè 18, ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn náà sì lè dáhùn rẹ̀ fún un.

Àwọn nǹkan kan máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Parkinson ń mú kí iṣan ojú le, kí ojú rí bí ojú ẹni tó ń bánújẹ́. Ẹnu ni kí ẹ fi béèrè, kí ẹ má fi ojú dá a. Lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, ẹkún tàbí ẹ̀rín lè bú jáde fúnra rẹ̀, kó sì dáwọ́ dúró láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìjẹ́ pé inú bàjẹ́. Àìsàn ọ̀tọ̀ nìyẹn, ó sì ní oògùn. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lè fẹ́ sọ̀rọ̀ kó má rí i sọ; ẹ jẹ́ kó mi orí tàbí kó nàka. Lára ẹni tó ní schizophrenia (àrùn ọpọlọ tó ń mú kí ènìyàn máa gbọ́ ohùn tí kò sí), ohùn àjèjì lè ti lọ kó sì ku ìjókòó lásán. Ó lè jẹ́ àrùn náà fúnra rẹ̀, ó lè jẹ́ oògùn tó pọ̀ jù, ó sì lè jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì tó tẹ̀lé e. Bó bá le gbagidi, tí kò jẹun, tí kò mu omi, tí apá rẹ̀ dúró síbi tí ẹ gbé e sí, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la kí ẹ tó gbé e lọ sí ọsibítù.

Ẹ béèrè nípa ikú

Bí ẹ bá fura sí ìrẹ̀wẹ̀sì, ẹ béèrè láìfi bò: "Màmá, ṣé ó ti wá sí yín lọ́kàn rí pé ó sàn kí ẹ má sí mọ́? Ṣé ẹ ti ro bí ẹ ṣe máa ṣe é?" Bíbéèrè kì í fi èrò náà síni lọ́kàn, ó máa ń tu ẹni tó ti ń gbé e kiri lára ni. Bó bá jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni", ẹ má ṣe bínú, ẹ má ṣe fi Ọlọ́run dẹ́rù bà á. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ ti gbogbo oògùn àti oògùn kòkòrò mọ́ inú àpótí oníkọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì mú un lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Bó bá ní òun ti mọ bí òun ṣe máa ṣe é, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tọ̀sán-tòru títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Bó bá jẹ́ apathy: ẹ̀yin lẹ máa ṣe sítátà

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí a máa bi í bóyá ó fẹ́. "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ jáde síta?" "Rárá." Wọ́n á fi í sílẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀. Ibi tó bàjẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀ gan-an ni ìbéèrè náà lọ kàn. Ẹ sọ ọ́ báyìí: "Bàbá, aago mẹ́rin ti lù. Ẹ jẹ́ ká lọ síta." Ẹ na ọwọ́ sí i, kí ẹ ka ení, èjì títí dé ẹ̀wá nínú yín. Ẹ má tún ọ̀rọ̀ náà sọ kí ìyẹn tó pé. Ọpọlọ rẹ̀ ń pẹ́ kó tó gbéra, ọ̀rọ̀ kejì sì máa ń da ti àkọ́kọ́ rú. Bí kò bá tíì mira, ẹ fọwọ́ kan ìgúnpá rẹ̀, kí ẹ bá a bẹ̀rẹ̀ ìdìde náà.

Ẹ má sọ pé, "Ẹ lọ wẹ̀." Ìwẹ̀ tó iṣẹ́ mẹ́wàá. Ẹ gbé kànhìnkànhìn tí ọṣẹ ti wà lára rẹ̀ sí i lọ́wọ́, kí ẹ bá a fi ra apá lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni á máa ra á lọ fúnra rẹ̀. Bó bá dúró láàárín, ẹ sọ ohun tó kàn nìkan: "Ó ku ẹsẹ̀." Bákan náà ni oúnjẹ. Ẹ má béèrè ohun tó fẹ́ jẹ. Ẹ fi méjì hàn án kó nàka sí ọ̀kan.

Àkókò kan náà lójoojúmọ́ ló dára jù, kí ẹ so ó mọ́ ohun tó ti wà nílẹ̀: lẹ́yìn ìrun Àsárì, lẹ́yìn ìròyìn orí rédíò, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un lọ́ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí dé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nǹkan tuntun kan péré lọ́sẹ̀ kan. Bó bá jẹ́ Parkinson, ẹ dúró di nǹkan bí wákàtí kan lẹ́yìn tó lo levodopa (oògùn Parkinson tó ń dá dopamine padà), nígbà tí oògùn náà ti mú un. Ìdajì wákàtí ṣáájú oúnjẹ ni kó máa lò ó. Bó bá lò ó pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín tàbí ẹran, èròjà inú oúnjẹ náà á bá oògùn du ọ̀nà, kò sì ní ṣiṣẹ́ dáadáa.

Inú iṣẹ́ tó ti ń ṣe rí ni kí ẹ ti mú ohun tí ẹ máa gbé fún un. Ìyá tó ti ta gààrí lè máa fi kóńgò wọn án láti inú abọ́ kan sí èkejì. Télọ̀ lè máa ṣa bọ́tìnnì. Àgbẹ̀ lè máa bó ẹ̀gúsí tàbí kó máa wọ́n omi sí ewédú tó wà nínú garawa. Orin ìgbà èwe rẹ̀, ìbáà ṣe àpàlà, jùjú tàbí orin ìjọ, lè gbé ẹsẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ẹnu ò lè gbé. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ lò ni iṣẹ́ ọmọdé tó máa dójú tì í. (Nígbà tí dókítà ọpọlọ T. A. Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Aro, Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954, inú àwọn abúlé tó wà nítòsí ni àwọn aláìsàn ọpọlọ ń gbé, pẹ̀lú ẹbí wọn, láàárín àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Mo gbà pé ọgbọ́n yẹn tọ́ títí dòní.)

Ẹ yìn ín lójú ẹsẹ̀, lórí ohun tó ṣe gan-an: "Ẹ ti wọn ún tán!" Ẹ má retí ẹ̀rín tàbí ọpẹ́. Ohun tó ṣe ni kí ẹ kọ sínú ìwé yín, kì í ṣe bí ojú rẹ̀ ṣe rí.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ nínú ilé Yorùbá jẹ́ ohun tó dára níbòmíràn: a kì í jẹ́ kí àgbà dìde. Ọmọ á gbé omi wá, ọmọ á wọ bàtà fún un, ọmọ á bu oúnjẹ sí i lẹ́nu. Láàárín oṣù díẹ̀, ohun tó ṣì lè ṣe náà á ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn àlejò àti ẹ̀gbọ́n tó bá wá kígbe lé yín lórí pé ìtọ́jú ni, kì í ṣe àrífín.

Ẹ má sì ṣe fi oúnjẹ dù ú kó lè "dìde fúnra rẹ̀". Kò ní dìde. Ebi ni yóò pa á. Ẹ fi ife omi sí i lọ́wọ́ ní wákàtí méjì-méjì. Ẹ yí ìjókòó rẹ̀ padà, kí ẹ wo ìdí àti gìgísẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ nítorí egbò. Kò ní sọ pé ó ń dun òun. Kò ní sọ pé òun ò tíì yàgbẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, kò sì ní rántí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Bó bá jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn

Níbí, etí ṣáájú ọwọ́. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ gbọ́. "Ẹ mọ́kàn le", "ẹ̀yin nìkan kọ́", "ẹ wo ẹni tí ti tirẹ̀ burú jù": gbogbo rẹ̀ ń sọ fún un pé ẹ kò fẹ́ gbọ́. Iṣẹ́ kékeré ojoojúmọ́ dára fún òun náà, ṣùgbọ́n òun ni kó yàn án pẹ̀lú yín, kó sì kéré débi pé kò ní kùnà. Bí àdúrà bá ń tù ú nínú, ẹ gbà á pẹ̀lú rẹ̀. Ààwẹ̀ fún ẹni tó ń lo oògùn ṣúgà tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru léwu púpọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń de ènìyàn mọ́lẹ̀ tàbí tí wọ́n ti ń na ènìyàn kì í ṣe ibi ìwòsàn.

Oògùn

Fún ìrẹ̀wẹ̀sì, sertraline tàbí fluoxetine ni wọ́n sábà máa ń kọ. Ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, kí ẹ má sì dá a lẹ́jọ́ kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí ara bá ti yá, á ṣì máa lò ó fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Ẹ má dá a dúró lójijì. Bó bá ń lo aspirin nítorí rọpárọsẹ̀, ẹ sọ fún dókítà, nítorí àwọn méjèèjì pa pọ̀ ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dà. Ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà jẹ́ àmì ewu. Ẹni tí ara rẹ̀ ti ru sókè kọjá ààlà rí, tí kò sùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ tó sì ń ná owó ní ìnákúnàá, kò gbọ́dọ̀ lo oògùn yìí láìjẹ́ pé dókítà ọpọlọ mọ ìtàn náà. Amitriptyline kò wọ́n, ṣùgbọ́n lára àgbàlagbà ó ń dá ìtọ̀ dúró, ó ń mú kó ṣubú, ó sì ń da iyè rẹ̀ rú.

Fún apathy nìkan, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì kì í sábà ṣiṣẹ́. Àwọn bíi sertraline àti fluoxetine tiẹ̀ lè mú kí ọkàn kú sí i. Bí ẹni tí ẹ̀ ń tọ́jú bá dáwọ́ ẹkún dúró lẹ́yìn oògùn tó wá jókòó bí ère, ẹ padà lọ sọ ọ́. Nínú Parkinson, àtúnṣe ìwọ̀n àti àkókò levodopa ló máa ń kọ́kọ́ ṣèrànwọ́. Fún Alzheimer, ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2021 fún ènìyàn 200 ní methylphenidate (oògùn tó ń ta ọpọlọ jí) tàbí oògùn àfiwé tí kò ní agbára fún oṣù mẹ́fà, mílígíráàmù mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Apathy àwọn tó lo methylphenidate dín kù ju ti àwọn yòókù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ níwọ̀nba. Oògùn náà ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè, ó sì lè mú kí ènìyàn rù. Dókítà nìkan ló lè kọ ọ́.

Ìgbà tí ẹ máa padà lọ

Ẹni tó ń tọ́jú máa ń tètè rẹ̀wẹ̀sì fúnra rẹ̀, nítorí kò sí ọpẹ́, kò sí ẹ̀rín. Ẹ pín iṣẹ́ náà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ yín ní ìdajì ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán, kó sì mọ àkókò àti ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ ń lò, kó má baà bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Bí ẹ bá ti ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ìwé yín kò fi ìyàtọ̀ kankan hàn, ẹ gbé ìwé náà lọ sí ẹ̀ka ọpọlọ ní ọsibítù ńlá tó súnmọ́ yín, bíi UCH ní Ìbàdàn, Aro ní Abẹ́òkúta tàbí Yábàá ní Èkó. Ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sí ojú ìwé àkọ́kọ́: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, bóyá ó ṣàdédé ni tàbí díẹ̀díẹ̀, gbogbo oògùn pẹ̀lú ìwọ̀n wọn, àti ohun tí aláìsàn fúnra rẹ̀ sọ nígbà tí ẹ bi í nípa ìbànújẹ́ àti ikú. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa sọ̀rọ̀, ẹ ní kí dókítà ráyè bá òun náà sọ̀rọ̀ lóun nìkan.